Bí Ẹ Bá Ń Lọ Wo Pírámídì Giza: Ẹ Ṣe, Ẹ Má Ṣe

Ibojì ni àwọn pírámídì Giza ní Íjíbítì. Ariwo ọjà àti fọ́tò yíyà lè mú kéèyàn gbàgbé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ti lé ní 4,500 ọdún tí wọ́n kọ́ èyí tó tóbi jù fún Ọba Khufu.

Ẹ tètè dé, kí oòrùn tó mú. Aṣálẹ̀ ni, ibòòji ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ dé fìlà tàbí kí ẹ wé gèlè, ẹ gbé omi dání, ẹ sì wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀.

Ẹ má gun pírámídì. Òfin Íjíbítì kọ̀ ọ́. Nǹkan bíi mítà 146 ni ti Khufu ga nígbà tó wà ní tuntun. Ó ti dín sí nǹkan bíi 138. Òkúta funfun dídán ni wọ́n fi bò ó lára tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ṣí púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ fi kọ́lé ní Káírò. Ẹ jẹ́ kí ìyókù sinmi.

Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ ro ara yín wò. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ gun ọ̀nà tóóró tó móoru gan-an. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí èémí rẹ̀ kì í délẹ̀, kó dúró síta. Yàrá ọba, tí wọ́n fi akọ òkúta tí wọ́n gbé wá láti Aswan kọ́, àti pósí òkúta tí kò ní ìdérí, lẹ ó bá lókè. Kò sí àwòrán kankan lára ògiri.

Ẹ má fọwọ́ pa ògiri. Èémí àti òógùn àlejò ń mú kí iyọ̀ hù lára òkúta, iyọ̀ náà ló sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ má kọ orúkọ yín síbì kankan. Ará Ítálì kan, Belzoni, kọ tirẹ̀ gàdàgbà sínú pírámídì Khafre, tí òun náà wà ní Giza, lọ́dún 1818. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ ná ràkúnmí kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì ná ìsọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí egbò lára ẹran náà, tàbí tí egungun rẹ̀ yọ síta, ẹ má gùn ún rárá. Owó yín ló ń mú kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sáré ki ọjà bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà, ẹ ní “la, shukran” (rárá, ẹ ṣé), kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ má sọ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló kọ́ pírámídì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìlú ìṣúra Pítómù àti Rámésésì ni Ìwé Ẹ́kísódù sọ pé wọ́n kọ́. Kò dárúkọ pírámídì. Ìgbà ayé Khufu sì ti ṣáájú ti Mósè tipẹ́tipẹ́.

Ẹ béèrè àwọn tó kọ́ ọ lọ́wọ́ afinimọ̀nà yín. Èmi ò mọ ohun tó wuyì ju èyí lọ ní Giza. Ní 1990, wọ́n rí itẹ́ òkú àwọn òṣìṣẹ́ náà nítòsí pírámídì. Nínú wọn ni ẹni tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, tí wọ́n tò ó, tó sì jinná. Wọ́n ń fún wọn ní búrẹ́dì, ọtí àti ẹran. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan fi ọ̀dà kọ orúkọ wọn, “Ọ̀rẹ́ Khufu”, sí kọ́lọ́fín tó wà lókè yàrá ọba. Ní 2013, wọ́n rí àkọsílẹ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Merer ní etí Òkun Pupa: ó ń ṣírò ọjọ́ tí òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta funfun láti Tura wá sí Giza. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n sì lórúkọ.

Ẹ fi dúróònù sílé. Wọn ò gbà á láìsí ìwé àṣẹ.

Ẹ ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún Grand Egyptian Museum tó wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọkọ̀ igi kédárì Khufu lọ ní 2021. Ó gùn tó mítà 43, inú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírámídì ni wọ́n sì ti rí i lọ́dún 1954, ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n wá tò pọ̀ lẹ́yìn náà.