Ẹ Jẹ́ Ká Bẹ Pápá Náà Wò

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, iṣu ni mo ń bó lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlọ́fà, rédíò wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àlejò kan tó ti Amẹ́ríkà wálé ni olóòtú ètò ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ pápá bésíbọ́ọ̀lù kékeré kan tó wà létí odò ńlá ní ìlú tó ń gbé, bí afẹ́fẹ́ omi ṣe máa ń fẹ́ sí àwọn òǹwòran lára, àti bí iná orí afárá ṣe máa ń tàn lójú odò tó bá di alẹ́. Ìtàn náà dùn dé egungun. Àfi bí olóòtú ṣe ní: “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ta ni kò ní fẹ́ bẹ̀wò irú pápá báyìí?” Kí n tó yọ ọ̀bẹ kúrò lára iṣu, ó tún ti sọ ọ́: “Tí èèyàn bá fẹ́ bẹ̀wò rẹ̀, oṣù wo ló dáa jù?” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á kí ètò tó parí.

Bẹ̀wò pápá. Bẹ̀wò rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ẹnu ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló ti jáde. Ẹni yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò pẹ̀lú “ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò.” Ó fi “yín” sí àárín, síbi tó yẹ kó wà, kò sì ṣèṣì rárá. Kí ló dé tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún pápá?

Ọ̀rọ̀ pápá yìí kàn mí ju bí ó ṣe kan olùgbọ́ mìíràn lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ fún mi pé kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, àti pé pápá bésíbọ́ọ̀lù létí odò ni ibi àkọ́kọ́ tí òun máa mú mi lọ. Nígbà tí àlejò orí rédíò dárúkọ afárá, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa. “Bẹ̀” àti “wò” kì í fara mọ́ra bí nǹkan bá wà láti bẹ̀ wò. Ẹni tí a lọ bá ni yóò jókòó sáàárín wọn: ó bẹ̀ mí wò, wọ́n bẹ ìyá náà wò, mo lọ bẹ oko wò. Ẹgbẹ́ tàn-jẹ àti rẹ́-jẹ ló wà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé “ó tànjẹ mi” tàbí “wọ́n rẹ́jẹ wa.” Tí ẹnì kan bá sọ ọ́, a ó bi í pé ibo ló ti wá. “Bẹ̀wò mi” nìkan la wá ń gbà láyè, lórí rédíò, lórí pẹpẹ ìwàásù. Ọjọ́ Ìsinmi méjì sẹ́yìn ni oníwàásù kan gbàdúrà sórí wa pé Ọlọ́run yóò “bẹ̀wò ẹbí kọ̀ọ̀kan.” Mo ṣe àmín, nítorí àdúrà ni, ṣùgbọ́n etí mi ro mí.

Ó sì dùn mí jù lọ láti ẹnu oníwàásù, nítorí pé Bíbélì ló tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí fún wa jù. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, ibi tí Ọlọ́run ti rántí Sárà ní Jẹ́nẹ́sísì orí 21, àti ibi tó ti fún àwọn èèyàn rẹ̀ lóúnjẹ lẹ́yìn ìyàn nínú ìwé Rúùtù, “bẹ̀” àti “wò” ni wọ́n lò, ẹni tí a bẹ̀ wò sì wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́. Ẹ fetí sí ohùn náà pẹ̀lú. “Bẹ̀ mí wò” ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn náà gòkè díẹ̀: bẹ Sárà wò, bẹ ilé wò, bẹ pápá wò. Ẹni tó bá lẹ méjèèjì pọ̀ ti pa ohùn yẹn. Tó bá sọ pé “bẹ̀wò Sárà,” a ò ní gbọ́ ìgòkè yẹn mọ́.

Kí wá ni “bẹ̀” yìí gan-an? Àwọn kan gbà pé “bẹ̀” ti ẹ̀bẹ̀ ni. Mo mọ ohun tó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ fún ọ pé “lọ bẹ̀ ẹ́ wò,” ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀: bóyá kí o lọ wo bó ṣe wà, bóyá kí o lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí yóò bá gbà. “Wò” kejì yìí ni “wò” ti ìdánwò: jẹ ẹ́ wò, tọ́ ọ wò, wọ̀ ọ́ wò. Nínú ìjà ẹbí, mo ti rí i tí wọ́n ní kí ọkọ “lọ bẹ àna rẹ̀ wò,” tí ọkọ náà sì gbé ọsàn lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wo aláìsàn, tí àna sì ń retí kó dọ̀bálẹ̀.

Èmi ò gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni. Èrò tèmi ni pé “bẹ̀” ti bíbẹ̀rẹ̀ ni, ti kí èèyàn tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ríran. Ẹni tó bá mọ ilé àtijọ́ láàárín àwa tí a ń pe ilé ní “ulé” yóò rántí bí etí òrùlé ṣe lọ sílẹ̀ tó àti bí ẹnu ọ̀nà yàrá ṣe kéré tó. Aláìsàn wà lórí ẹní nínú òkùnkùn. Kò sí bí o ṣe lè wò ó láìbẹ̀rẹ̀. Orí rẹ yóò kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ yóò mọ́ òkùnkùn lára, o ó wá rí ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe máa ń wọ yàrá ìyá àgbà, tí yóò dúró ní ìtẹ̀ba bẹ́ẹ̀ títí ìyá yóò fi dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo ibi tí a bá lọ la ń bẹ̀ wò. Ìyálọ́mọ tára rẹ̀ le, a lọ kí i ni. Ọ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà wa, a yà kí i. Ẹni tí a ò fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, a yọjú sí i. Eré, a lọ wòran rẹ̀. Ohun tí ọkàn wa kò balẹ̀ lé lórí, tàbí ohun tó wà níkàáwọ́ wa, ni a ń bẹ̀ wò: aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n, oko tí òjò ti pẹ́ kó tó rọ̀ sí. Àwọn tó lọ síléèwé nígbà tiwa rántí olùbẹ̀wò tí ìjọba máa ń rán wá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú la ti ń gbá àyíká iléèwé, tí olùkọ́ ń yẹ èékánná wa wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn kò wá wòran.

Ibì kan wà tí mo ti jáwọ́. “Ṣàbẹ̀wò sí” ti borí, mi ò sì bá akọ̀ròyìn kankan jà lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ gbìyànjú láti sọ gbólóhùn yìí lọ́nà àtijọ́: gómìnà bẹ àwọn ará abúlé tí omíyalé gba oko àti ilé wọn lóru ọjọ́ Ẹtì wò. Kí “wò” tó dé, olùgbọ́ ti gbàgbé “bẹ̀.” Tí ẹni tí a bẹ̀ wò bá gùn tó báyìí, “ṣàbẹ̀wò sí” ló gba ọ̀rọ̀ là. Ṣùgbọ́n “pápá” kò gùn. Sílébù méjì péré ni.

Bí mo ṣe ń gbèrò ìrìn-àjò mi, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí olóòtú náà là mọ́lẹ̀ gan-an ló bá pápá yẹn mu, tó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ọdún 1931 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ John O'Donnell, oníròyìn eré ìdárayá kan, ni wọ́n fi pè é láti 1971, kó tó di Modern Woodmen Park ní 2007. Ó gba òǹwòran bí 4,000. Ẹgbẹ́ Quad Cities River Bandits ló ń lò ó. Abẹ́ Kansas City Royals ni wọ́n wà láti 2021, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà dé líìgì ńlá sì ni wọ́n. Ní 2017, líìgì wọn kan náà ni Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, wà nígbà tó ń gbá fún Wisconsin Timber Rattlers. Afárá Centennial, tí wọ́n ṣí ní 1940, ta kọjá odò lẹ́yìn pápá. Ní 2014 wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ńlá kan síbẹ̀, tó ń gbé èèyàn yípo lókè, tó ga ní 110 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n tún gbin àgbàdo sétí pápá. Èyí dùn mọ́ àgbẹ̀ Ìlọ́fà bíi tèmi nínú.

Ṣùgbọ́n odò yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ní 1993, omi wọ inú pápá pátápátá. Wọ́n wá mọ odi tó ń dá omi dúró. Ní oṣù Karùn-ún 2019, odò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 22 lọ, pápá sì dá dúró láàárín omi bí erékùṣù. Yìnyín tó ń yọ́ lápá òkè ló sábà máa ń fà á, nítorí náà oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ló léwu jù, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kẹrin ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ṣàlàyé pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n sábà máa ń sinmi, láti Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń gbá a. A ti fẹnu kò sí oṣù Keje.

Kí n tó lọ, mo fẹ́ gba Omù-Àrán àti Àjàsẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, kí n wo pápá bésíbọ́ọ̀lù tó wà nínú ọgbà pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ wa, kí ojú mi lè mọ bí wọ́n ṣe ń sáré yípo.

Lálẹ́ àná ni ohùn ọmọ náà wọlé sórí fóònù mi. Òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní: “Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Mo lọ bẹ pápá yẹn wò bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Omi kò tíì dé ìdí odi.”