NÍGBÀ TÍ PỌ́ǸPÙ ÌLÚ BÁ GBÓ

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ irin lásán, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kànga ẹ̀rọ tí ìlú ti ń lò láti ọdún pípẹ́, tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sì ti ń jẹrà. Nígbà tí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè mọ àmì pọ́ǹpù tí ó ti gbó, kí ẹ mọ ohun tí ó fà á, kí ẹ sì mọ bí àwùjọ ṣe lè sọ ọ́ di ọ̀tun.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ìpèsè omi mímu àti ìmọ́tótó. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ìdàgbàsókè ìgbéríko, ètò kànga ẹ̀rọ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Pọ́ǹpù tí ó wọ́pọ̀ jù ní àkókò náà ni èyí tí a ń pè ní India Mark II, tí a ń fi ọwọ́ fà.

Èrè omi tó mọ́ kò kéré. Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìyà ń dà láàmú ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Omi tó mọ́, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ẹ̀kọ́ ìlera ni ó lé àrùn náà lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní orílẹ̀-èdè wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní 2013 pé kò sí sòbìyà ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn àgbà ní bí sòbìyà yóò bá degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Àrùn náà ti lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú òwe náà kò lọ: kí nǹkan tó bàjẹ́ tán ni à á pe ẹni tí ó lè tún un ṣe.

Bí pọ́ǹpù ṣe ń gbó

Ohun tí ojú ń rí ni orí pọ́ǹpù àti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ jù wà nínú ilẹ̀: páìpù tí omi ń gbà gòkè, ọ̀pá irin tí ó wà nínú páìpù náà, àti sílíńdà tí a so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú sílíńdà ni awọ tàbí rọ́bà roboto wà, tí ó ń gbá omi gòkè bí a ti ń fa ọwọ́ pọ́ǹpù. Rọ́bà yìí a máa jẹ bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ. Rírọ́pò rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Páìpù ni wàhálà ńlá. Irin tí a fi sínìkì bò ni ọ̀pọ̀ páìpù àtijọ́. Omi inú ilẹ̀ àpáta bíi tiwa lè ní èròjà kíkan nínú. Bí ìwọ̀n rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pH, bá wà nísàlẹ̀ 6.5, omi náà yóò jẹ sínìkì, yóò sì wá jẹ irin. Ìwádìí tí Báǹkì Àgbáyé àti ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé èyí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń ba pọ́ǹpù jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Omi yóò pupa, yóò máa rùn bí irin, yóò sì ba aṣọ funfun jẹ́. Ìyá tí ó bá pọn irú omi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìgbà kẹta yóò gba ọ̀nà odò lọ. Ìpẹtà inú omi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ara ní jàǹbá. Odò tí ó lé wa padà sí ni ó ń fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì.

Àyẹ̀wò ìgò méjì

Kí ẹ tó dá páìpù lẹ́bi, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ wá ìgò méjì tí ó mọ́, tí a lè rí inú wọn. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, ẹ bu omi àkọ́kọ́ tí ó bá jáde sínú ọ̀kan. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti ń pọn omi fún bíi wákàtí kan, ẹ bu sínú èkejì. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ láìdé di ìrọ̀lẹ́, nítorí irin inú omi kì í sábà hàn títí afẹ́fẹ́ yóò fi kàn án. Bí ti àkọ́kọ́ bá pupa tí èkejì sì mọ́, páìpù ni ó ń dógùn-ún, nítorí inú rẹ̀ ni omi náà sùn mọ́jú. Bí méjèèjì bá pupa bákan náà, inú ilẹ̀ ni irin náà ti wá, pípààrọ̀ páìpù nìkan kò sì ní tán an.

Àmì mìíràn tún wà: bí a bá ń fa ọwọ́ pọ́ǹpù lọ́pọ̀ ìgbà kí omi tó yọ, rọ́bà ti jẹ tàbí páìpù ti lu.

Pèpéle tí ó lanu

Omi lè mọ́ lójú kí ó má mọ́ nínú. Ní ìlú London ní 1854, ó lé ní 600 ènìyàn tí àrùn onígbáméjì pa ní àdúgbò pọ́ǹpù Broad Street. Dókítà John Snow ni ó fi hàn pé omi pọ́ǹpù náà ni ó fà á. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé bíríkì kòtò ẹ̀gbin ilé kan ti jẹrà, kòtò náà kò sì jìnnà tó mítà kan sí kànga. Pọ́ǹpù náà kò kọ iṣẹ́. Ògiri àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí ni ó ṣe ibi.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí sìmẹ́ǹtì pèpéle kànga bá sán, omi ìfọṣọ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ṣálángá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán, kí ó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Bí a ó ṣe sọ ọ́ di ọ̀tun

Àwọn kan yóò wí pé, “Ìjọba ni ó gbẹ́ ẹ, kí ìjọba wá tún un ṣe.” Òtítọ́ wà nínú rẹ̀: ní 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé omi tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró de ìwé ìjọba. Nítorí náà:

1. Ẹ yan ìgbìmọ̀ olùtọ́jú omi, kí àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀ bí pọ́ǹpù bá yí padà. Kí a máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí a sì máa ka ìwé owó náà sétí gbogbo ìlú.

2. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ omi tàbí ti ìlera àyíká yẹ omi náà wò: ìwọ̀n kíkan rẹ̀, irin inú rẹ̀ àti kòkòrò àrùn.

3. Bí omi bá kan, ẹ má fi páìpù onísínìkì rọ́pò onísínìkì. Ẹ ra ti irin tí kì í dógùn-ún, tàbí ti ike líle tí a ṣe fún kànga. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ríra èyí tí yóò tún jẹrà ni ó wọ́n jù.

4. Ẹ fọ́ pèpéle tí ó sán, kí ẹ da òmíràn, kí ẹ la gọ́tà tí yóò gbé omi ìdọ̀tí jìnnà, kí ẹ sì ṣọgbà yí i ká nítorí ẹran.

5. Ìgbàkígbà tí a bá tú kànga, òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ fi oògùn kílórìn pa kòkòrò inú rẹ̀ kí a tó mu omi rẹ̀.

6. Bí ẹ bá fẹ́ pọ́ǹpù tí ń lo oòrùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fa kànga náà wò fún wákàtí púpọ̀. Inú sísán àpáta ni omi wa ń gbé. Kànga tí ó tó fún pọ́ǹpù alọ́wọ́ lè má tó fún ti mọ́tò.

Nínú ilé, kí iṣẹ́ tó parí

Ẹ se omi odò títí yóò fi hó yaya, ẹ dé e, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ máa fún un ní omi ORS àti ọmú, kí ẹ sì gba oògùn sínìkì fún un ní ilé ìwòsàn. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ sáré gbé e lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìgò méjì inú àyẹ̀wò òwúrọ̀ fi hàn ní pọ́ǹpù àdúgbò yín?
2. Níbo ni pèpéle rẹ̀ ti sán, ta ni yóò sì di í?
3. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ lọ́la, èló ni ó wà lọ́wọ́ ìlú láti tún un ṣe?