Ọ́ìlì Gíà Alùpùpù Rẹ

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán BMW R75/5 tí o rà. Alùpùpù 1972 tí wọ́n ṣe ní Spandau, ní Berlin, tó ṣì ń rìn títí dòní, kì í ṣe nǹkan tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì gíà.

Má fi ojú ọ̀kadà ilé wò ó. Honda CG125, Bajaj Boxer, ọ́ìlì kan náà ló wà fún ẹ́ńjìnnì àti gíà wọn, ṣéènì ló sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Tìrẹ kò ní ṣéènì, ṣáàfù ló ní. Àpótí gíà ń gba 800 mìlílítà tirẹ̀, ṣáàfù 100, gíà ẹ̀yìn 250, ọ̀kan kò sì bu ti èkejì lò.

SAE 90, API GL-5 ni BMW ní kí a dà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. GL-5 yẹn ni kí o wá lára agolo. Eyín gíà ẹ̀yìn ń fi agbára ha ara wọn. Kẹ́míkà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ ṣe nínú ọ́ìlì náà ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. GL-4 ní in, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó. Wọn á sọ fún ọ pé GL-5 máa ń jẹ idẹ. Òótọ́ ni, fún àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ní rìǹgì idẹ nínú gíà wọn. Tìrẹ kò ní irú rìǹgì bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ balẹ̀.

Ra 80W-90. Yóò ṣàn ní òwúrọ̀ January ní Georgia tí o wà, kò sì ní dà bí omi nínú ooru July. Má wò ó pé 90 ki ju 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ fíìfíì: òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀, kíki wọn kò jìnnà síra. Síbẹ̀, má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí gíà láéláé.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ alùpùpù oníbàárà kan, ọ́ìlì dà tán, ìgbà náà ni mo tó rí i pé nọ́ọ̀tì òkè, tí a ń gbà da ọ́ìlì tuntun sí i, ti há, kò ṣeé tú. Ọjọ́ mẹ́ta ni alùpùpù yẹn fi sùn sí ṣọ́ọ̀bù, ojú sì tì mí. Tòkè ni kí o kọ́kọ́ tú. Kí o tó tú u, gun alùpùpù náà díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná. Fi wásà tuntun sí nọ́ọ̀tì, kí o sì dá alùpùpù náà dúró ṣánṣán kí o tó wo bí ọ́ìlì ṣe kún tó.

Bí ọ́ìlì àpótí gíà bá jáde ní funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Rọ́bà tó bo ìdí wáyà tó ń lọ sí ṣípídómítà ni òjò máa ń gbà wọlé. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó da ọ́ìlì tuntun. Irin lẹ́búlẹ́bú bí eérú nínú ọ́ìlì àtijọ́ kò léwu. Bó bá jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè ṣà ni, jọ̀wọ́, má gùn ún mọ́, pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ, Ìbàdàn