Àìní, Ìbéèrè àti Iye Ìbéèrè Nínú Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-Ajé

Nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, èrò mẹ́ta wà tí ó yẹ kí olùkọ́ àti òǹtúmọ̀ yà sọ́tọ̀: àìní, ìbéèrè àti iye ìbéèrè. Ọ̀ràn omi ní Bàrúwà, lágbègbè Ìpájà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi ìyàtọ̀ àárín wọn hàn.

1. Àìní

Láàrin àwọn ọdún 1990 sí 1999, epo bẹntiróòlù jò láti inú ọ̀pá epo abẹ́ ilẹ̀, ó sì wọ inú omi ilẹ̀ Bàrúwà. Òórùn epo gba inú ọ̀pọ̀ kànga tí àwọn ará àdúgbò ń fà láìsanwó. Omi wọn kò ṣeé mu mọ́. Àìní omi kò tìtorí èyí yí padà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ mu omi, kí ó fi dáná, kí ó sì fi wẹ̀. Àìní ni ohun tí a kò lè ṣe aláìní in lọ, yálà owó wà lọ́wọ́ tàbí kò sí.

2. Ìbéèrè

Ìbéèrè ni ìfẹ́ láti ra ọjà kan, tí agbára owó tì lẹ́yìn, ní oríṣiríṣi iye owó, láàrin àkókò kan pàtó. Ẹni tí ó bi ọlọ́jà ní iye owó, tí ó sì kọjá lọ nítorí pé kò lówó, kò tí ì béèrè ọjà ní ìtumọ̀ yìí. Omi kànga jẹ́ arọ́pò fún omi títà. Nígbà tí arọ́pò náà bàjẹ́, àwọn tí kì í ra omi tẹ́lẹ̀ di oníbàárà mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlanke. Bí iye owó kò bá tilẹ̀ yí padà rárá, omi tí wọn yóò rà ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí ni ìṣípò ìbéèrè.

3. Iye ìbéèrè

Ká ní ìdílé kan ń ra kẹ́ẹ̀gì omi 10 lóòjọ́ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦50, tí ó ń ra 8 ní ₦100, tí ó sì ń ra 6 ní ₦150. Iye ìbéèrè ni 10, 8 àti 6. Ìbéèrè ni àtẹ náà lódindi. Òfin ìbéèrè, tí Alfred Marshall ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1890, sọ pé bí iye owó bá gòkè, iye ìbéèrè yóò dínkù, bí ohun gbogbo yòókù bá dúró bákan náà.

Ẹ kíyè sí i pé owó kẹ́ẹ̀gì di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì 4 péré ni ó dínkù. Ìnáwó ìdílé náà lórí omi wá gòkè láti ₦500 sí ₦900. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè fún ohun kòṣeémánìí ṣe máa ń rí.

4. Ìlò àwọn ọ̀rọ̀ náà

Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìbéèrè sí àìní yóò wo àtẹ yìí, yóò sì ní kẹ́ẹ̀gì 6 tó ìdílé náà. Aṣọ tí a kò fọ̀ àti ìwẹ̀ tí a fò kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí kò lówó rárá kò tilẹ̀ sí nínú àtẹ. Nítorí náà, kí a fi àìní sílẹ̀ fún ohun tí ènìyàn kò lè wà láìsí, kí a sì fi ìbéèrè mọ sí ohun tí owó lè rà. Kí a má sì gé iye owó tàbí iye ìbéèrè kúrú sí "iye" lásán.