Yàrá Kékeré fún Yíya Fọ́tò Òkúta Iyebíye àti Ìlẹ̀kẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ríra àti títa òkúta iyebíye. Ní ọjọ́ kan, ó lọ sí Òjóò, níbi tí àwọn oníṣòwò òkúta pọ̀ sí, ó sì ra tọmalíìnì kan tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìṣápá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gbé òkúta náà sórí tábìlì, ó tan gílóòbù kan tí iná rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì fi fóònù rẹ̀ ya òkúta náà. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní òkè òkun. Oníbàárà náà rí òkúta kan tí ó ń tàn bí ẹyin iná. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sanwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkúta dé ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àwòrán mu. Ó dá a padà, ó gba owó rẹ̀, kò sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra ohunkóhun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀dọ́mọkùnrin náà púpọ̀, nítorí kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúta rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ó mú un tọ bàbá arúgbó kan lọ tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò ní àdúgbò wọn.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mo ṣe tí kò dára?"

Bàbá wo àwòrán, ó wo òkúta, ó sì mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ kò ya òkúta. Iná gílóòbù ni o yà."

Gbogbo ẹ̀kọ́ yíya fọ́tò ohun ọ̀ṣọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí. Ojú kì í rí òkúta lásán. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lu òkúta, tí ó sì padà sí wa, ni ojú ń rí. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti ní àwọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò fi àwọ̀ náà kun ohun gbogbo tí ó bá dé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya òkúta bí ó ti rí gan-an kò níláti kọ́kọ́ wá kámẹ́rà olówó gọbọi. Ìmọ́lẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ eré ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1998, a rí tọmalíìnì pupa púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọjà àgbáyé. Ṣáájú èyí ni àwọn baba ńlá ti mọ iyì ohun tí ń dán. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ tí ń walẹ̀ wá ìtàn ti rí ẹ̀rí pé a ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì níbẹ̀ láàárín ọdún 1000 sí 1500. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní iyùn tàbí sẹ̀gi tí ìyá-ìyá wọn fi sílẹ̀ nínú àpótí. Bí olè bá gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí àwọn ọmọ bá ń ṣe àríyànjiyàn lórí ogún, àwòrán tí ó mọ́ kedere ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí.

Bàbá arúgbó náà tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ sí ilé rẹ̀ láti bá a tún ibi iṣẹ́ ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé òun níláti gba yàrá mìíràn. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òkúta tí ó kéré bí hóró àgbàdo kò fẹ́ ju tábìlì kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Fèrèsé yìí ni a gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n yàn. Ìtànṣán oòrùn kò gbọ́dọ̀ wọlé tààrà, nítorí a máa kọ mànà lójú òkúta, a sì máa fi òjìji dúdú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìwé àwọn ará Yúróòpù, a máa ń kà á pé fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá ni ó dára jù. Òótọ́ ni èyí ní ilẹ̀ wọn, nítorí ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wọn máa ń wà nígbà gbogbo. Ní Ìbàdàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá. Ní àwọn oṣù yòókù, ìhà gúúsù ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ní fèrèsé méjì yóò máa gbé tábìlì rẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì bí ọdún ti ń yí. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan yóò ta aṣọ àlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Àlà yìí a máa tú ìmọ́lẹ̀ ká, kí ó lè rọ̀, kí ó sì dé ibi gbogbo. Lẹ́yìn èyí, kí a pa gbogbo iná inú ilé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán àti ti gílóòbù kò gbọ́dọ̀ pàdé lórí òkúta kan, nítorí apá kan yóò pupa, apá kejì yóò sì dà bí ẹni pé a rẹ ẹ́ sínú aró.

Ohun tí ó kàn ni ibi tí òkúta yóò jókòó. Kí a mú bébà funfun tí kò dán, kí a lẹ òkè rẹ̀ mọ́ ògiri, kí a sì jẹ́ kí ó rọra tẹ̀ wá sórí tábìlì láìní ojú ìṣẹ́po. Báyìí ni ẹ̀yìn àwòrán yóò ṣe mọ́, tí kò ní sí ìlà kankan níbẹ̀. Aṣọ aláràbarà kò yẹ, nítorí òkúta a máa gba àwọ̀ ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Àní ẹ̀wù pupa tí ayàwòrán wọ̀ lè hàn lára òrùka fàdákà! Bí òkúta kò bá dúró, kí a fi ìda oyin bíńtín sí abẹ́ rẹ̀.

Wúrà àti fàdákà tí a ti dán dà bí dígí. Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé sára dígí ní ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, ẹni tí ń ya òrùka kò ya òrùka nìkan. Ó ń ya ohun gbogbo tí òrùka náà ń wò. Kí a wá páálí funfun kékeré méjì kí a fi ká a mọ́, kí ó lè jẹ́ pé funfun ni yóò máa wò. Bí etí òrùka bá wá parẹ́ mọ́ ara bébà, kí a gbé páálí dúdú tín-ínrín sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlà etí rẹ̀ yóò sì padà hàn.

Òkúta tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá ní ọ̀nà tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹwà rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, kò sì ní hàn bí ìmọ́lẹ̀ kò bá wọ ibẹ̀. A lè fi páálí funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, kí ó máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni sẹ̀gi àtijọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lù ú láti iwájú, àwọ̀ búlúù ni a ń rí. Bí a bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá láti ẹ̀yìn, ó ń dà bí àwọ̀ ewé. Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì? Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí sẹ̀gi dáadáa yóò ya fọ́tò méjì.

Nípa ti kámẹ́rà, ohun mẹ́ta ni kí a rántí. Èkíní, kí ó dúró jẹ́ẹ́ lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí lórí ìwé tí a tò jọ, kí a sì dá a sí àkókò ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó yà, kí ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ má ba iṣẹ́ jẹ́. Èkejì, bí a bá sún mọ́ ohun kékeré jù, iwájú rẹ̀ yóò mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì ṣú bàìbàì. Bí ihò kámẹ́rà bá ṣeé yí, kí a fi sí nọ́ńbà 8 tàbí 11, kí ihò náà lè kéré. Bí ó bá jẹ́ fóònù, kí a fà sẹ́yìn díẹ̀, kí a gé etí àwòrán kúrò nígbẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́kọ́ fi bébà funfun han kámẹ́rà, kí ó lè mọ ohun tí funfun jẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà. Kí a má sì gbàgbé láti gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta nínú àwòrán kan, kí ẹni tí ń wò ó lè mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ní àkókò ọyẹ́ pàápàá, eruku kò jìnnà. Eruku tí ojú kò kà sí a máa dà bí òkò nínú àwòrán tí a sún mọ́. Aṣọ rírọ̀ ni kí a fi nu òkúta. Iyùn kì í ṣe òkúta rárá. Àwọn ẹ̀dá wíníwíní ni ó ń kọ́ ọ nínú òkun. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń fọ ohun ọ̀ṣọ́, nítorí yóò jẹ ẹ́ lára.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé òkúta mìíràn sórí bébà. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì fi ìlà sísán kan hàn tí ojú rẹ̀ kò rí nígbà tí ó ń rà á. Ó yí òkúta náà díẹ̀. Ìlà náà sá pamọ́. Ó wo Bàbá. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ronú lọ títí, ó rántí oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì yí òkúta náà padà. Ó ya ẹwà rẹ̀, ó sì ya ibi tí ó sán. Owó tí ó gbà lórí òkúta yìí kéré sí èyí tí ó ń retí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á kò dá a padà. Kò sì pẹ́ tí ó tún fi béèrè òmíràn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Yàrá kékeré, bébà funfun àti aṣọ àlà kò níye lórí púpọ̀; ẹni tí ó bá fi wọ́n sọ òtítọ́ ni yóò jèrè wọn.

Ìdánrawò

1. Kí ni Bàbá ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé, "Iná gílóòbù ni o yà"?
2. Kí ló dé tí ìmọ̀ràn àwọn ará Yúróòpù nípa fèrèsé kò fi bá Ìbàdàn mu ní gbogbo ọdún?
3. Ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí a ya fọ́tò sẹ̀gi lẹ́ẹ̀mejì.
4. Kọ àròkọ lórí ohun àjogúnbá kan ní ilé yín. Ṣe àpèjúwe rẹ̀ débi pé ẹni tí kò rí i rí yóò lè dá a mọ̀.