Oyin Kọ́ Ló Yẹ Kó O Máa Sá Fún

Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó síbí, kí n bá ọ wí. Oyin kan ṣoṣo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ, o ti ká ìró sókè, ò ń ké bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ìwọ yìí kan náà lo wá fẹ́ yan ẹ̀gẹ́ tá a rin lálẹ́ àná, torí pé oníbàárà ń kánjú. Ta ló kọ́ ọ nírú iṣẹ́ báyìí? Kì í ṣe àbúrò mi tó bí ọ o.

Oyin lóró, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í déédéé ta èèyàn, tó bá sì ta ọ́, òun náà ti kú nìyẹn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìkọ́. Á há sí ọ lára, á fa nǹkan inú rẹ̀ jáde, àpò oró á ṣì máa tu oró sí ọ lára lẹ́yìn tó ti fò lọ. Nítorí náà, fi èékánná ha á dànù kíá, kó o sì kúrò níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ á máa ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, òórùn yẹn ni wọ́n fi ń pe ara wọn sógun. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oró oyin, ọsibítù ni kó sáré lọ. Ìwọ kọ́, ariwo lásán ni tìẹ.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Kì í kùn, kì í fò. Nígbà tó ṣì wà lódindi, májèlé rẹ̀ kò tíì dá sílẹ̀. Ìgbà tá a bá rin ín, tí ara rẹ̀ fọ́, ni ohun méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ pàdé, tí sáyánáìdì sì ń jáde. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jẹ́ kó kan, tá a fi ń gbé òkúta lé e kómi rẹ̀ ro, ká tó wá yan án. Ní Kóńgò, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní konzo, tó ń sọ obìnrin àti ọmọdé di arọ lójijì. Ẹ̀gẹ́ tó korò, tí wọn ò rẹ pẹ́ tó, ló ń fà á, kò sì sí oògùn tó ń wò ó.

Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Bràsílì. Ní 1956, àwọn ará Bràsílì náà kó oyin Áfíríkà lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 1957 ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ń dà wọ́n láàmú títí di òní. Àbí kí n sọ pé ẹ̀san ni?

Ó yá, gbé òkúta yẹn padà sórí àpò. Sọ fún oníbàárà rẹ kó padà wá lọ́túnla.