Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ iye ọjà síwájú pẹpẹ gàdàgbà, ẹni tó wá rajà wò ó, ó gbà pé iye rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀fà ló rí. Lẹ́yìn ẹ̀fà yẹn ni ìwọ̀n ohun tó wà nínú ike wà, àti owó ọkọ̀ tó gbé oníbàárà débẹ̀, àti iná tí yóò fi tọ́jú ọjà náà nílé, àti èyí tí yóò bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé ẹni tó bá ń wá bí owó oúnjẹ ilé rẹ̀ yóò ṣe dín kù, kó yéé máa wá ọjà tí iye ara rẹ̀ kéré. Kó máa wádìí iye tí kílò kan oúnjẹ tí wọ́n jẹ tán ná an. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì, àárín àwọn méjèèjì sì ni owó ọ̀pọ̀ ilé ń gbà ṣòfò.

Kò sẹ́ni tó nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé oúnjẹ ti wọ́n. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ní Nàìjíríà fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà ní oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Ìyẹn ni pé ẹrù tí ₦10,000 rà lọ́dún 2023 ti di nǹkan bíi ₦14,000. Ìdá tí wọ́n ń kéde ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n tún òṣùwọ̀n wọn tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ṣùgbọ́n pé ìdá wálẹ̀ kò sọ pé iye ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò kàn sáré gòkè bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ni. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọgbọ́n ríra oúnjẹ sí iṣẹ́ gidi, tó yẹ kí bàbá àti ìyá ilé jọ kọ́.

Orí ìwọ̀n ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lára ike, agolo àti ọ̀rá, wọ́n kọ gíráàmù tàbí mìlílítà ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn iléeṣẹ́ mọ̀ pé iye ló máa ń kọ́kọ́ kọlu ojú oníbàárà. Nítorí náà, bí nǹkan bá wọ́n, àwọn mìíràn á fi iye sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn á wá dín ohun inú rẹ̀ kù. Ike kò yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ ni kò pé mọ́. Oògùn rẹ̀ kò le: ẹ fi iye gíráàmù pín owó náà, kí ẹ sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, iye kílò kan nìyẹn. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yóò ṣe é kíá. Ká ní agolo mílíìkì oníyẹ̀fun tó jẹ́ 400 gíráàmù ń lọ ní ₦5,600. ₦14,000 ni kílò rẹ̀. Ká ní irú mílíìkì kan náà, tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá 350 gíráàmù, jẹ́ ₦4,550. Kílò tirẹ̀ di ₦13,000. Sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré 15 gíráàmù tó jẹ́ ₦180 ńkọ́? ₦12,000 ni kílò rẹ̀. Kékeré ló dínwó jù níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà láìwádìí pé ńlá ló máa ń dínwó. Lórí òróró àti ìrẹsì, ńlá náà ló sábà máa ń ṣeni lóore. Lórí mílíìkì àti ohun mímu òwúrọ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, àfi kí a ṣírò. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, rọwọ́ mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ìtajà ńlá láti kọ iye kílò kan tàbí lítà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà. Ó yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Títí yóò fi dé, fóònù ọwọ́ wa ni yóò máa ṣe é.

Ẹja àti adìyẹ inú fírísà nílò àfikún ìṣirò. Omi tó dì mọ́ wọn lára wà lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú wọn, a sì ń sanwó rẹ̀. Ká ní kílò ẹja kan jẹ́ ₦4,250, tí yìnyín ara rẹ̀ yọ́ tán tó wá ku 850 gíráàmù. ₦5,000 la ra kílò ẹja yẹn, kì í ṣe ₦4,250. Ẹ yan èyí tí yìnyín kò bò mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbà kí iye ara rẹ̀ fi díẹ̀ ju tẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ̀dínwó ló kàn: ra méjì gba ẹ̀kẹta, iye àtijọ́ tí wọ́n fa ìlà lé lórí, bébà pupa tó ń pe ojú. Àwọn kan sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, CMA, àjọ tó ń mójú tó ìdíje lọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jábọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí nǹkan bíi 50,000 ọjà tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń dín owó rẹ̀ fún àwọn oníbàárà tó ní káàdì wọn, wọ́n sì rí i pé 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló dínwó lóòótọ́ sí iye tí ilé ìtajà náà ń tà á tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àjọ náà tún kìlọ̀ pé ọjà yẹn lè dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìtajà mìíràn. Kókó ibẹ̀ nìyẹn: ẹ̀dínwó lè jẹ́ òótọ́ kó má sì ṣe wá láǹfààní. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà kì í fún wa ní èènì àfi lẹ́yìn tí a bá ti ná ọjà tán, tí a ti mọ iye tí a ó san. Oore ni èènì tirẹ̀. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kò sí pé a ń nájà, ẹni tó ń tà ló sì ti ṣírò ẹ̀kẹta yẹn mọ́ owó rẹ̀ kí a tó wọlé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ pẹpẹ bí ẹni pé wọ́n ta wá lọ́rẹ.

Ibi tí ẹ̀dínwó ti ń dunni jù ni orí ohun tó máa ń tètè bàjẹ́. Ká ní búrẹ́dì kan jẹ́ ₦1,800, wọ́n wá ní méjì di ₦3,000. Lójú, a ti rí ₦600 jẹ. Bí ìdajì ìkejì bá hu, búrẹ́dì kan àbọ̀ la fi ₦3,000 jẹ, ₦2,000 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wá bọ́ sí, ó ju iye tí a sá fún lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí yógọ́ọ̀tì, wàrà tútù àti ẹran tí wọ́n dín owó rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé. Mi ò sọ pé kí a má rà wọ́n. Ọjà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ rẹ̀ pé, tí ilé ọlọ́mọ márùn-ún yóò jẹ tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èrè gidi ni fún ilé náà. Fún ẹni tó ń dá gbé, àdánù ni. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ka ẹnu tó wà nílé. Bí kì í bá ṣe ọjà ẹ̀dínwó, ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, nítorí iwájú ni wọ́n máa ń kó èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ sí. Kí a tó ra páálí ẹja kan nítorí pé ó dínwó, ká rántí fírísà. Àwọn tó wà ní Band A, ìsọ̀rí oníbàárà iná mànàmáná tí wọ́n ń ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ti ń san owó iná tó ga láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹja wọn máa rùn. Èyíówù kó jẹ́, iye ẹja ń lé sí i lójoojúmọ́ tó bá fi wà nínú fírísà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: bí iná ilé bá ṣe rí ni kí fírísà ilé ṣe kún.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló dé tí a ń yọ ara wa lẹ́nu, ṣebí ọjà ìta gbangba dínwó ju súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Òótọ́ ni fún tòmátò, ata, ẹ̀fọ́, iṣu àti èso, kò sì yẹ kí ẹni tí Bódìjà tàbí Oyíngbò wà nítòsí rẹ̀ máa ra ata nínú ọ̀rá aláràbarà. Ṣùgbọ́n kóńgò kì í ṣe kílò. Kóńgò kan lè jìn, òmíràn kí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú; ojú olójú kò sì lè jọ ojú ẹni, bí a kò bá fojú ara wa wọn ìrẹsì náà, a kò lè mọ ẹni tó ta á dínwó. Ẹ gbé kóńgò kan délé, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ fi kílò rẹ̀ wé ti àpò oníkílò márùn-ún tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ tí a ń sáré lé kò tó owó ọkọ̀, ní pàtàkì láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fi lọ sókè.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹni tó ní òun kò rí owó kó jọ, pé owó òòjọ́ lòun fi ń jẹun, ta ló máa ra àpò ìrẹsì? Kò yẹ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Àìní owó gan-an ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n a ti ní àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí súpámákẹ́ẹ̀tì tó dé. Ilé mẹ́rin tó da owó pọ̀ ra àpò ìrẹsì oníkílò 50 yóò mú kílò méjìlá àbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní iye tí olówó ń rà á. Kí wọ́n ṣáà ti wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn, kí ìjà má bàa wọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn á ní ahun ló ń ṣírò oúnjẹ. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Bí owó tilẹ̀ wà, a kì í tìtorí ẹ̀ bu iyọ̀ kọjá ohun tí ọbẹ̀ ń fẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ahun. Ní ti ẹni tó ní òun kò ráyè, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a fi kọ ohun tó tán sílẹ̀, yóò dín ìrìn wa kù láàárín pẹpẹ, yóò sì gbà wá lọ́wọ́ ohun tí a ti ní méjì rẹ̀ nílé. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn tó ni ilé ìtajà sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná fi máa ń pàdé wa nínú ilé ìtajà, tí súìtì fi wà níbi tí ọmọdé yóò ti dúró nígbà tí a bá ń sanwó.

Ó ku ibi ìsanwó. Abala 115 nínú òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé ilé ìtajà kò gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tí wọ́n kọ síta lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FCCPC ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá nítorí pé iye orí pẹpẹ kò bá iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà mu. Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọjà tó jọjú, ẹ fi fóònù ya iye rẹ̀ lórí pẹpẹ, kí ẹ sì ka rìsíìtì kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń gba owó. Bí iye kò bá dọ́gba, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ní kí wọ́n dá ìyókù padà. Bí alábòójútó bá kọ̀, fọ́tò yẹn àti rìsíìtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC.